Fífi Ọ̀pá Fò ní Yunifásítì Amẹ́ríkà: Ẹ Má Wo Ẹni Àkọ́kọ́ Nìkan

Láti 2017 tí Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi, tó ń ṣojú UTEP ní El Paso, ọ̀pọ̀ òbí nínú àwọn ẹgbẹ́ wa l'Abuja ló ń bèèrè bí ọmọ tiwọn náà ṣe lè tipa eré ìdárayá dé ọ̀hún. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Apá ibo l'Amẹ́ríkà ló dáa jù?" Àwọn tó ń bá èèyàn wá ilé ẹ̀kọ́ kì í ronú kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n á dárúkọ gbajúmọ̀ kan, wọ́n á ní apá ibi tó ti jáde ló dáa jù. Ìyẹn dà bí ìgbà tí oníbàárà rí àpò sìmẹ́ǹtì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó wá gbà pé ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn kún dẹ́nu.

Eré kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé òun ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Pole vault ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á gbé ọ̀pá gígùn, á sá eré àsápajúdé, á ti orí ọ̀pá bọ inú kòtò kékeré kan tó wà nílẹ̀. Ọ̀pá á tẹ̀ bí ọrun, á sì sọ ọ́ sókè kọjá igi tí wọ́n dábùú. Orí fóòmù ńlá ló máa balẹ̀ sí.

NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì níbẹ̀, pín orílẹ̀-èdè náà sí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́rin ni wọ́n pín in sí láti 2003 títí di 2009, láti 2010 ló ti di méjì. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹni 48 ló máa ń díje ní apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn 12 tó bá ṣe dáadáa jù ní apá kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sí àṣekágbá, tó fi jẹ́ pé 24 ni gbogbo wọn. Ẹni kẹtàlá, ilé ló ń lọ, ì báà ṣe pé ó ju ẹni kẹjọ apá kejì lọ.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni ká wò. Àkọ́kọ́ ni bí ẹni tó ga jù ní apá kan ṣe ga tó. Èkejì ni ibi tí agbára ẹni kejìlá dé. Nǹkan méjì yìí kì í sábà gbé ojú kan.

Ẹ wo ọdún 2019. Ní apá Ìlà-Oòrùn, Mondo Duplantis wà ní LSU, ní Baton Rouge. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, ní 2018, ó ti fo mítà 6.05 níbi ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Berlin. Ní oṣù karùn-ún 2019, ó tún fo mítà 6.00 fún yunifásítì rẹ̀. Inú ilé ni eré náà ti bá a: Greg bàbá rẹ̀ náà fi ọ̀pá fò dé mítà 5.80 nígbà ayé rẹ̀ lórí pápá, ẹ̀yìnkùlé wọn ní Lafayette ni wọ́n sì ṣe ọ̀nà ìsáré àti fóòmù sí fún àwọn ọmọ. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe Ìlà-Oòrùn ló lágbára jù lọ́dún náà?

Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá ní Austin, ní oṣù kẹfà, Chris Nilsen láti South Dakota, apá Ìwọ̀-Oòrùn, fo mítà 5.95. Mondo dúró ní 5.80, ó sì gba ipò kejì. Nilsen kì í ṣe àjèjì sí ipò yẹn o, òun náà ló gbà á ní 2018. Lẹ́yìn rẹ̀ ni KC Lightfoot ní Baylor, ní Texas, fo mítà 6.00 ní oṣù kejì 2021. Lọ́dún yẹn kan náà, Branson Ellis láti Stephen F. Austin, yunifásítì tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ló gba ipò kìíní níta gbangba. Ìwọ̀-Oòrùn náà ni gbogbo wọn.

Mi ò sọ pé Ìlà-Oòrùn ò ní èèyàn. Shawn Barber jáde láti Akron, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní Beijing ní 2015. Sondre Guttormsen ní Princeton gba ipò kìíní ní 2022, ó sì fo mítà 6.00 ní oṣù kẹta 2023. Àmọ́ ẹ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣojú: Mondo, Sweden, Barber, Kánádà, Guttormsen, Norway. Ẹ wá wo òdìkejì. Agbègbè Kansas City kan náà ni Nilsen àti Lightfoot ti dàgbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ìdílé kan ṣoṣo lè bí ọ̀gá àgbáyé. Kó tó lè jẹ́ pé ẹni kejìlá náà kò ṣeé fojú di, ó gba kí ọ̀pọ̀ girama ní ọ̀pá, ní fóòmù, ní kóòṣì, kí ọmọ tí kò lórúkọ náà sì lè fi ọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní Ìlà-Oòrùn ní àwọn òmìrán, Ìwọ̀-Oòrùn ló ní èrò.

Kí ló dé tí èrò fi ṣe pàtàkì? Eré yìí máa ń dójú ti èèyàn. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta ní gíga tó fi bẹ̀rẹ̀, òdo ni wọ́n kọ fún un, ì báà jẹ́ pé ó fo mítà 6.00 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Afẹ́fẹ́ lè fẹ́ lódìkejì, òjò lè mú kí ọwọ́ yọ̀ lára ọ̀pá. Apá tó gbójú lé ẹnì kan ṣoṣo lè ti ibẹ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ máàkì náà wà níbẹ̀. Níbi àṣekágbá, ẹni kìíní ń gba 10, ẹni kejì 8, lẹ́yìn náà 6, 5, 4, 3, 2, títí dé 1 fún ẹni kẹjọ. Mẹ́wàá tí ẹni tó fi ọ̀pá fò gbà kò dín sí mẹ́wàá ti 100 mítà. Ìdí nìyí tí kóòṣì ibẹ̀ fi ń wá wọn kiri. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe omi òjò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 12.6 ni òfin fún ẹgbẹ́ ọkùnrin kan pátápátá, àtẹni tó ń sáré, àtẹni tó ń ju irin, wọ́n sì máa ń bù ú ní díẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn. Ní 2025 ni òfin yẹn yí padà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹnì kan bá ní "full scholarship" ni, ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Ní Áfíríkà tiwa ńkọ́? Okkert Brits láti South Africa fo mítà 6.03 ní 1995, kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó tíì kọjá ibẹ̀. Yàtọ̀ sí South Africa, àwọn ará Algeria àti Tunisia ló tún máa ń ṣe dáadáa. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí eré sísá wa ti ń dẹ́rù ba gbogbo ayé, kò ní nǹkan kan gidi níbẹ̀. Wọ́n fo eré yìí níbí l'Abuja nígbà All-Africa Games 2003, ní pápá tí wọ́n ń pè ní Moshood Abiola báyìí, àmọ́ kò di eré àwọn ọmọ wa.

Kì í ṣe pé ọmọ wa ò lè sáré tàbí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹrù gan-an ni wàhálà. Páìpù ni mò ń tà ní Dei-Dei. Bí mo bá fẹ́ gbé páìpù ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ Kúbwá, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí lọ́wọ́ onímọ́tò. Bí ó bá sán, màá gé e, màá ta ìyókù. Ọ̀pá eré yìí tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 17 fún àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n, bó bá sì ti sán, ó parí nìyẹn. Ọ̀kan kò tó ẹnì kan, torí ìwọ̀n ara èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ọmọ bá sì ti ń lágbára sí i ló máa nílò èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi fóòmù kún un. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní àga, ṣé òun ló máa rà á?

Àmọ́ a mọ bí wọ́n ṣe ń kó èrò jọ nínú eré mìíràn. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Delta ní National Sports Festival: wọ́n gbà á níbí l'Abuja ní 2018, ní Benin ní 2021, nílé wọn l'Asaba ní 2022, wọ́n sì tún wá gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ l'Abẹ́òkúta ní 2025, tí Èkó ṣe ipò kejì. Ìràwọ̀ kan ò lè gba ìyẹn fún ìpínlẹ̀ kankan.

Bí ọmọ yín bá ga, tó ń sáré, tí apá rẹ̀ lágbára, tí kóòṣì kan sì kọ̀wé sí i láti Amẹ́ríkà nípa eré yìí, ẹ má bèèrè ẹni tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ bèèrè apá tí yunifásítì náà wà, gíga tí ẹni kejìlá fò níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, iye ọmọ tí kóòṣì náà ń kọ́ ní fífi ọ̀pá fò, àti iye ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibòmíràn.