Ìrora Ara àti Ìwòsàn: Ohun tí Ìtàn Ilẹ̀ Wa Fi Kọ́ Ìjọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ wa kò yé bi wá: bí Ọlọ́run bá jẹ́ Olùwòsàn, ó ha yẹ kí onígbàgbọ́ máa lo oògùn bí? Bí a bá sì ti gbàdúrà tí ìrora kò lọ, ó ha túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ wa kéré bí? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni a bẹ abiyamọ kan wò, tí ó fi ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe sí ilé fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí a ti sọ fún un pé bí ó bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, iyèméjì ni ó ń ṣe sí Olúwa. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni a jókòó ti bàbá arúgbó kan tí oògùn kún orí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá a gbàdúrà láti ìgbà tí ó ti dùbúlẹ̀. A ti ṣẹ àwọn méjèèjì. Nítorí wọn ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá fún ẹ̀yin olùkọ́, tí àwọn òbí ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìrora í ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo adẹ́tẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni a ti rò pé àrùn ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ run. Dókítà Paul Brand, oníṣègùn míṣọ́nnárì tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1946, ni ó fi hàn gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn náà a máa pa àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, aláìsàn kò sì ní mọ ìrora mọ́. Yóò di ìkòkò gbígbóná mú, kò ní jù ú sílẹ̀; yóò tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, yóò sì máa rìn lọ. Ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́, èyí tí kò mọ̀ pé òun ní, ni ó ń ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà oníbodè ni ìrora jẹ́ nínú ara wa. Ẹni tí oníbodè rẹ̀ bá kú, ọ̀tá yóò wọ ìlú rẹ̀ láìsí ariwo.

Síbẹ̀ kí a má ṣe sọ ìrora di ohun mímọ́. Oníbodè tí ó ti jí onílé, tí onílé sì ti dìde, kò yẹ kí ó máa lu ìlù mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora tí ó ti jíṣẹ́ tán, tí kò sì lọ. Ní 1847, Dókítà James Young Simpson ti ìlú Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn akunnilóorun tí a ń pè ní chloroform láti mú ìrora àwọn obìnrin tí ń rọbí rọlẹ̀. Àwọn kan fi ìwé Jẹ́nẹ́sísì kọjú ìjà sí i, wọ́n ní Ọlọ́run ti pàṣẹ pé nínú ìrora ni obìnrin yóò máa bímọ. Simpson náà ka ìwé kan náà. Ó ní kí wọ́n wò ó bí Ọlọ́run ti kọ́kọ́ mú oorun ìjìkà kun Ádámù, kí Ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní 1853, Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí í ṣe olórí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba oògùn náà nígbà tí ó ń bímọ, àríyànjiyàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: Ìwé Mímọ́ ni àwọn méjèèjì dì mú, ṣùgbọ́n ẹnì kan kà á pẹ̀lú àánú.

Kí ni Ìwé Mímọ́ wí nígbà náà? Hesekáyà gbàdúrà pẹ̀lú omijé, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ̀ mọ́ oówo rẹ̀. Ará Samáríà rere da òróró àti ọtí wáìnì sí ojú ọgbẹ́. Oníṣègùn ni Lúùkù, ẹni tí Pọ́ọ̀lù pè ní olùfẹ́. Jákọ́bù ní kí a pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì fi òróró yan aláìsàn. Kò sí ibi kan tí a ti fi àdúrà àti ìtọ́jú ṣe ọ̀tá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti ṣèlérí pé gbogbo àìsàn ni yóò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pọ́ọ̀lù, tí Ọlọ́run ti ọwọ́ rẹ̀ wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ sàn, bẹ̀bẹ̀ nígbà mẹ́ta nítorí ẹ̀gún tí ó wà nínú ara tirẹ̀, a kò sì mú un kúrò. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé Tírófímù kò ní ìgbàgbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ni wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilẹ̀ tiwa. Ní 1841, Samuel Àjàyí Crowther, tí kò ì tíì di àlùfáà nígbà náà, bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí odò Ọya. Ibà kọlu àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà, nǹkan bí ìdámẹ́ta wọn sì kú. Ní 1854 ó tún bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ tí a ń pè ní Pleiad. Baikie mú kí àwọn òyìnbó rẹ̀ máa lo kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ibà pa. Odò kan náà ni, efọn kan náà ni. Kuníìnì ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù wa ní 1864 wà nínú ìrìn àjò méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ọdún kan dé tí kò sí kuníìnì tí ó lè gbani. Ní oṣù September 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní lùkúlùkú gba etíkun wọ Èkó. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa. A ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà. Àwọn dókítà kò ní oògùn tí ó lè wò ó. Ó di 1933 kí a tó rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà lára ènìyàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ wa kan ní Saint Saviour, tí Joseph Ṣadárè jẹ́ aṣáájú wọn, kó ara wọn jọ fún àdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí í ṣe olùkọ́, Sophia Ọdúnlámì, tí àrùn náà ti kọlù, dìde, ó sì ń wàásù pé àdúrà àti omi òjò ni ìwòsàn yóò ti wá. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Òkúta Iyebíye ṣe bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ òrùlé wa.

Ní 1922 ni àwa pẹ̀lú wọn pínyà, nítorí ìrìbọmi ọmọdé àti nítorí pé wọn kò fẹ́ oògùn rárá. Ìsọjí ńlá ti 1930 ní Iléṣà, ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá sínú ìwòsàn nípa àdúrà. Ní 1931 àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Àpọ́sítélì ti Gẹ̀ẹ́sì dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì, ìjà dé. Láti inú ìpínyà náà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tí a ń pè ní C.A.C., ti jáde, tí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943.

Kí ni kí a rí kọ́? Èkíní, kí a má ṣe fi àwọn ará wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Ní 1918 wọn kò kọ oògùn tí ó lè wò wọ́n sàn, nítorí kò sí i. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run wà ní títì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àlùfáà kò mọ ohun tí a ó wí, àwọn ni wọ́n kúnlẹ̀ ti aláìsàn. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, ohun tí ó jẹ́ ààbò ní ọdún tí kò sí oògùn ni a sọ di òfin fún ọdún tí oògùn wà. Lára ibà ni èyí ti burú jù, nítorí ibà kì í dúró de àríyànjiyàn. A máa pa ọmọdé láàárín ọjọ́ mélòó kan péré.

A kò ní láti wá àpẹẹrẹ jìnnà. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Obadiah àbúrò rẹ̀ jẹ́ dókítà. Nígbà tí Samuel kú ní 1901, tí ìwé tí ó kọ sì ti sọnù, dókítà náà ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ọmọ ilé kan náà ni àlùfáà àti oníṣègùn. Ní Ìbàdàn, Alexander Akínyẹlé di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn wa àkọ́kọ́ ní 1952. Isaac àbúrò rẹ̀ jẹ́ olórí C.A.C., ó sì di Olúbàdàn ní 1955. Ọ̀kan wà ní ìjọ tí ń kọ́ ilé ìwòsàn, èkejì wà ní ìjọ tí kò lo oògùn. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó nìyẹn, tí ó fi lè wọ inú ilé kan ṣoṣo. Síbẹ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n jẹ́ títí.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìwòsàn. Wíwò ni ó ṣáájú, sísàn ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí a kò wò, báwo ni yóò ti ṣe sàn? Wíwò sì ni iṣẹ́ tiwa: kí a gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kìíní, kí a sì máa gbàdúrà lójú ọ̀nà, kí a jókòó ti arúgbó, kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí a má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú ìrora pé àìnígbàgbọ́ ni ó fà á. Sísàn wà lọ́wọ́ Olúwa, nígbà mìíràn nínú ayé yìí, nígbà mìíràn ní àjíǹde. Ní ti abiyamọ tí a mẹ́nu kàn, a bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ bi wá léèrè bí Ọlọ́run bá bínú sí òun. A dá a lóhùn pé Ẹni tí ó dá ewé àti èèpo igi tí a fi ṣe kuníìnì kò lè bínú sí ìyá tí ó fi í gba ọmọ rẹ̀ là.