Ààlà Oko ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Ṣáínà ṣe yí padà, inú oko ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀, kì í ṣe inú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ní ọdún 1958, ìjọba Mao Zedong kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ oko àjùmọ̀dá ńláńlá. Àmì ni a ń kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ òòjọ́ olúkúlùkù, òun ni a sì fi ń pín oúnjẹ. Ẹni tí ó fi tọkàntọkàn roko àti ẹni tí ó kàn ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀, ìpín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn aláṣẹ ń parọ́ pé ìkórè pọ̀, ìjọba sì ń gba ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irọ́ náà. Láàárín ọdún 1959 sí 1961, ìyàn mú. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ ju mílíọ̀nù 15.

Ní ìparí ọdún 1978, àgbẹ̀ 18 ní abúlé Xiaogang, ní agbègbè Anhui, péjọ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn. Òfin lòdì sí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣèlérí pé bí a bá sọ àwọn aṣáájú wọn sí ẹ̀wọ̀n, àwọn tí ó kù yóò tọ́ ọmọ wọn títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 18.

Ètò náà kò le. Ìdílé yóò san iye ọkà tí ó tọ́ sí ìjọba àti ẹgbẹ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di tirẹ̀. Ìkórè ọdún 1979 pọ̀ gidigidi. Wan Li, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní Anhui, kò fìyà jẹ wọ́n. Deng Xiaoping sì yin ètò náà ní ọdún 1980. Ìjọba tún ti fi owó kún iye tí ó ń ra ọkà. Mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 305 ni ọkà gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1978; ní ọdún 1984, ó di 407.

Nígbà tí oúnjẹ tó, ọwọ́ tí oko kò nílò mọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ní Shenzhen àti àwọn ìlú mìíràn. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kò di onílẹ̀: ẹ̀tọ́ láti dáko ni ó gbà, kò lè ta ilẹ̀ náà. Nítorí pé abúlé ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, ọ̀pọ̀ ọmọ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò rí àyè ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú ńlá. Ààlà oko ti là, ṣùgbọ́n ààlà mìíràn ṣì wà láàárín ará oko àti ará ìlú.