Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Ń Lọ Kọ́ni Ní Yorùbá Ní Amẹ́ríkà

Ìrìn-àjò kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń gbé ní agbègbè Marine Beach. Èbúté Apapa kò jìnnà sí wọn, tọ̀sán-tòru sì ni àwọn tirela ń kó kọ̀ǹtẹ́nà kọjá. Ní ọdún 1951 ni ọkọ̀ ojú omi Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì gbé lọ kí ọkọ̀ òfurufú tó gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lónìí, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń gbéra. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òbí ń bi ọmọ rẹ̀ kò yí padà: iṣẹ́ wo ni o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, báwo ni o ó sì ṣe máa gbé?

A fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà kan tí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń gbà lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ni kò mọ bí ó ṣe rí gan-an. Fulbright FLTA ni wọ́n ń pè é, ó sì jẹ́ apá kan ètò Fulbright tí òfin Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1946. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ti ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ọn, ni wọ́n ń wá, ẹni ọdún 21 sí 29 tí ó ti gboyè ní yunifásítì. Ohun tí ó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lọ kọ́ wọn níbẹ̀. Èdè abínibí rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni ètò náà, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, òun náà yóò sì jókòó gba ẹ̀kọ́ méjì ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní àǹfààní kan nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó dàgbà láàárín Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ìgbò, Urhobo àti Yorùbá ti mọ̀ láti kékeré pé èdè ẹlòmíràn ṣeé kọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá tirẹ̀ sábà máa ń ní àdàlù Gẹ̀ẹ́sì àti pijin, kò sì sí ẹni tí ó bi í rí pé èé ṣe tí a fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà yóò bi í. Èé ṣe tí “mo lọ” fi jẹ́ ohun tí ó ti kọjá, tí “mo mọ̀” sì jẹ́ ti ìsinsìnyí? Ẹni tí kò bá tíì ronú nípa rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí a ṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ń sọ ipò tí a wà. Bí kò bá sì fi àmì sí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan lè sọ pé òun gbé ọkọ òun lọ fún mẹkáníìkì tún ṣe. Nítorí náà, kí olúwarẹ̀ ti tún àkọtọ́ ọdún 1974 kà kí ó tó kúrò nílé. Ìwé Jẹ́ K'Á Sọ Yorùbá, tí Antonia Folarin Schleicher kọ ní 1993 fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pe olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, yóò sì tẹjú mọ́ ọn. Wọn kò ka èyí sí àrífín. Ẹni tí ó bá bínú ti pàdánù ẹ̀kọ́ kan, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí ó ṣàlàyé “ìwọ” àti “ẹ̀yin” fún wọn.

Ilé gbígbà, báńkì àti aṣọ òtútù ń fẹ́ àmójútó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá ní ìlú bíi Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, tí omi adágún sì ń dì gbagidi. Ìdáwà ni ó le jù. Nígbà òtútù, bí ìṣọ́ òru bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo 11 alẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀. Ìyá tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ti jí i ní agogo méjì òru.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ owó láìfi bò. Iye tí ẹnì kan yóò fi jẹun, tí yóò sì fi sanwó ilé ni wọ́n ṣírò fún un. Nígbà tí wọ́n bá sì kéde nínú ìjọ pé ọmọ wa ti dé Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀bẹ̀ owó ilé ìwé, ti ilé kíkọ́ àti ti ìkórè a bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ tí ojú ń tì láti kọ̀ a máa wá iṣẹ́ tí físà rẹ̀ kò fún un láyè láti ṣe. Lójú tiwa, àwọn àlùfáà ni ó lè dá èyí dúró, bí wọ́n bá ṣàlàyé fún ìjọ ní ọjọ́ ìdágbére gan-an pé ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ni.

Ìrìn-àjò àbọ̀ sì ni. Físà J-1 ni wọ́n ń lò, ìlànà ètò náà sì ni pé kí olúwarẹ̀ padà sílé bí ó bá parí. Òfin tún béèrè pé kí ó lo ọdún méjì ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ kí ó tó lè gba ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà tàbí àwọn físà iṣẹ́ kan. Ẹni tí ó bá sá pamọ́ ti ba ọ̀nà tirẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí wọ́n fura sí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti mú ìlànà físà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú wọn kí ó tó náwó sórí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá sì ti lọ tí ó ti bọ̀, kí ó tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dáradára. Òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ó wọ Nàìjíríà padà wà nínú rẹ̀, ọjọ́ náà sì ni kíkà ọdún méjì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.