Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, wọ́n á ní kí ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà lọ rọ́ọ́kún nílé: ẹ wo ibi tí àrùn ọ̀hún ń sá pamọ́ sí!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran, Ọ̀gbà, Agídìngbí, Oregun títí dé Agége kì í fẹ́ẹ́ gbọ́ rárá lópin oṣù, ọ̀rọ̀ ọ̀hún náà ni, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ o!" Bí àwọn ẹ̀ka akáǹtì bá ti sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, owó oṣù lè má jáde lọ́jọ́ náà mọ́ nìyẹn. Ojú gbogbo èèyàn á wá yí sí ẹni kan ṣoṣo tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá á ní kò mọṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á máa kùn, bí wọn ò bá sì ṣọ́ra, ìwé lọ-rọ́ọ́kún-nílé lè tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, àrùn ọ̀hún ò ju nnkan kékeré kan lọ.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé kọ̀ǹpútà tí ètò owó oṣù wà nínú ẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí èèyàn ń fọwọ́ kàn. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta, mẹ́rin sí, òun ni wọ́n ń pè ní virtual machine. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ọdún 1972 ni iléeṣẹ́ IBM l'Amẹ́ríkà gbé VM/370 jáde, nígbà tó sì di 1999 ni VMware gbé tiẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Iléeṣẹ́ tó bá ra ẹ̀rọ ńlá kan ti bọ́ lọ́wọ́ ríra mẹ́rin, owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu náà á sì dín kù.

Ẹ fi wé ilé oníyàrá púpọ̀ l'Agége. Kọ̀ǹpútà ńlá ni lanlọ́ọ̀dù, àwọn tó wà nínú ẹ̀ layálégbé. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí ayálégbé ń gbà rí ìta. Àkọ́kọ́ ni NAT: lanlọ́ọ̀dù ló ń bá a jíṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì lanlọ́ọ̀dù nìkan sì laráyé mọ̀. Ìkejì ni bridged: ayálégbé ní ilẹ̀kùn tiẹ̀ sí títì, ó sì ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ìkẹta ni host-only: inú ọgbà nìkan ló lè rìn dé, kò lè rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà owó oṣù sí NAT, òun fúnra ẹ̀ á máa ṣí Google bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n akọ̀wé owó tó jókòó sí yàrá kejì ò ní í rí i, àfi tí wọ́n bá dìídì lànà fún un. Wọ́n á ní ó ti kú. Kò kú o, ilẹ̀kùn ni ò ní.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún ń dá kún un. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí ráútà kú, àwọn èèyàn á tan íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù, kọ̀ǹpútà ńlá á kúrò lórí wáyà, á bọ́ sórí Wi-Fi. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ti so bridged ẹ̀ mọ́ wáyà, ṣì wà lórí wáyà. Lanlọ́ọ̀dù ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ayálégbé ṣì ń kan ilẹ̀kùn iwájú tí wọ́n ti tì pa.

Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà kan di méjì, wọn ò ní í yí nọ́ńbà MAC ẹ̀ padà. Bí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ní kíláàsì kan náà, tíṣà á pe ẹnì kan, àwọn méjèèjì á dìde. Ìdí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń wá, tó tún ń lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í pariwo. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, inú ló ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀ síta. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà inú virtual machine náà wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, á fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ping kan ilẹ̀kùn 127.0.0.1, ìyẹn ara ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀. Á wá wo àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fún un ní nọ́ńbà, ẹ̀rọ kàn fún ara ẹ̀ ni. Á kan ilẹ̀kùn ráútà, kó tó wá kan 8.8.8.8 ti Google níta. Bí nọ́ńbà bá dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ ò ṣí, DNS ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kó rántí o, firewall Windows dà bíi maígáàdì, ó lè má dá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lóhùn, bẹ́ẹ̀ onílé wà nílé.

Lóòótọ́, ọjọ́ kan wà tí ẹ̀ṣẹ̀ ò sí nílé rárá. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Báńkì àti iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fara gbá a. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí lọ́jọ́ náà á rí i pé ráútà òun ń dáhùn, ìta ni ò dáhùn, ẹnu ẹ̀ á sì gbà á láti wí fún ọ̀gá ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀gá tó kọ̀wé lọ-rọ́ọ́kún-nílé, kó béèrè pé, "Ibo lo yẹ̀ ẹ́ wò dé?" Kí ẹ̀ńjíníà náà sì máa kọ gbogbo ohun tó bá rí sílẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní í tán léèékánná. Bí wọ́n lé ẹni mẹ́wàá níṣẹ́, tí bridged ṣì so mọ́ wáyà tó ti kú, owó oṣù ò ní í jáde.