Okun Ara Ọkùnrin, àti Abẹ́rẹ́ tí a ń Rà fún Un

Ẹni tí ó bá ti tẹ òbúkọ lọ́dàá rí mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran náà a sanra, òórùn rẹ̀ a rọlẹ̀, kì í sì í lé abo mọ́. Ní ọdún 1849, ní ìlú Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀mọ̀wé Arnold Berthold yọ kórópọ̀n àkùkọ kéékèèké 6. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ogbe ńlá, wọn kò sì kọ. Àwọn tí ó dá kórópọ̀n padà sí inú ikùn wọn kọ, wọ́n sì jà bí akọ. Nǹkan kan ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1935 ni a sọ ọ́ ní testosterone.

Bí ó bá dínkù jù lára ọkùnrin, ìfẹ́ rẹ̀ sí aya a rọ̀, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kì í le ní òwúrọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, àárẹ̀ a mú un láìṣe iṣẹ́, egungun rẹ̀ pàápàá a di ẹlẹgẹ́. Ọjọ́ orí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsanrajù, àtọ̀gbẹ, oògùn tramadol tí àwọn kan ń gbé mì kí wọn lè ṣiṣẹ́ pẹ́, àti ọtí àmujù a máa dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Paraga tí a ń polówó fún agbára, ọtí ni òun náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì nìkan mọ̀ ọ́n, nítorí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa mú irú àìlera kan náà wá. Ní ilé ìwòsàn, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, kí ó tó jẹun, a ó sì tún gbà á ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sanra jù ni tirẹ̀ ń gòkè bí ara wọn ti ń fúyẹ́.

Abẹ́rẹ́ testosterone wà, ó sì ń ran ẹni tí ó ṣe aláìní rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀yà kékeré kan wà ní abẹ́ ọpọlọ tí í rán kórópọ̀n ní iṣẹ́. Ìyá tí ó bá rí i pé ìkòkò omi kún kì í rán ọmọ lọ sí odò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà yìí, bí abẹ́rẹ́ bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, kò tún rán kórópọ̀n níṣẹ́ mọ́. Agbára ọkùnrin náà lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àtọ̀ rẹ̀ lè má lè mú obìnrin lóyún. Bí ó bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ó lè tó oṣù púpọ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Nítorí náà kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ọmọ ni òun ń wá. Oògùn mìíràn wà tí í jí kórópọ̀n fúnra rẹ̀ sí iṣẹ́.