Ẹni Tó Kọ́ Rédíò Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Lóru

Ní oṣù kẹfà ọdún 1976, ẹnì kan tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò WHUR, nílùú Washington ní Amẹ́ríkà, kò yọjú. Rédíò kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lè tì pa kí wọ́n ní ó di ọ̀la. Àwọn tó wà nítòsí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Howard méjì tí wọ́n wá kọ́ṣẹ́, Melvin Lindsey àti Jack Shuler. Ọmọ ogún ọdún ni Lindsey nígbà náà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ló ń kọ́, kò sẹ́ni tó ń retí pé orin ni yóò sọ ọ́ di olókìkí. Orí ló mọ iṣẹ́ àṣelà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwo orin inú ilé wọn ló kó wá: orin ìfẹ́ àwọn adúláwọ̀, tàtijọ́ àti tuntun, èyí tó ń rọra lọ, tí kì í kánjú. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà mọ̀.

Ká ní ọ̀gá mìíràn ló wà níbẹ̀ ni, bóyá alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n Cathy Hughes ni ọ̀gá àgbà WHUR. Kó tó dé ipò yẹn ní 1975, òun ló ń bójú tó ìpolówó ọjà níbẹ̀, nítorí náà ó mọ ẹni tó ń gbọ́ rédíò àti ìgbà tó ń gbọ́ ọ. Hughes fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé àwọn obìnrin tí wọ́n ń dá gbé ló wà lọ́kàn òun, àwọn tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tí yóò mú wọn jáde lópin ọ̀sẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ náà ní ètò tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní 1971 ni iléeṣẹ́ tó ni ìwé ìròyìn Washington Post fi ìkànnì FM rẹ̀ ta Yunifásítì Howard lọ́rẹ, òun ló di WHUR. Lákòókò yẹn, ọ̀dọ̀ AM ni èrò àti owó wà. FM kò tíì dà bí alárà. Ó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn ará Washington tó jẹ́ adúláwọ̀, yunifásítì tó sì gba ẹ̀bùn náà, tiwọn ni. Roberta Flack àti Donny Hathaway, tí orin wọn bá irú ètò bẹ́ẹ̀ mu gan-an, Howard yẹn náà ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́.

FM tí wọn ò kà sí yìí ló wá jẹ́ kí nǹkan ṣeé ṣe. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kì í há bíi ti AM, nítorí náà orin tí kò pariwo kò ní sọ nù sínú ariwo ẹ̀rọ. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni AM ń fẹ́, kí ìpolówó lè ráyè wọlé. Ìṣẹ́jú méjìlá ni Isaac Hayes sì fi kọ “Walk On By” ní 1969! Orin Smokey Robinson tí wọ́n ti yọ orúkọ ètò náà, “Quiet Storm” ti ọdún 1975, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìró afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀, bí ìjì tó ń bọ̀ láìpariwo. Orin yìí ni Lindsey fi ń ṣílẹ̀kùn ètò rẹ̀, The Quiet Storm.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ atọ́kùn ètò orin láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀rọ àwo méjì ló ń wà níwájú rẹ̀. Bí orin kan bá ń lọ, yóò gbé abẹ́rẹ́ lé àwo kejì, yóò fi ìka yí i títí tí yóò fi gbọ́ ìró àkọ́kọ́ nínú ohun tó fi bo etí, yóò dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, yóò sì fọwọ́ dì í mú. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ bá ń tán lọ, á fi í sílẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, rédíò á dákẹ́ lọ gbári. Tó bá yá jù, orin méjèèjì á máa ti ara wọn. Ẹni tó ń ṣe orin ijó lè fi ariwo ẹnu bo àṣìṣe. Orin ìfẹ́ tó rọlẹ̀ kò gba irú ìyẹn. Ohùn Lindsey pàápàá tutù, ó ń dán bí àrán, kò sì fi ṣe fọ́ńté láàárín orin. Àwọn kan lára àwọn atọ́kùn wa ì bá rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ̀, àwọn tí kì í jẹ́ kí olórin parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó máa kí alága àti ìyàwó alága.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1979, KBLX ní agbègbè San Francisco sọ irú orin yìí di ti tọ̀sán-tòru. Ní 1983, Vaughn Harper gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lórí WBLS ní New York. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, ó ṣòro láti rí rédíò àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà tí kò ní irú ètò yìí lóru, “Quiet Storm” sì di orúkọ tí wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Luther Vandross àti Anita Baker rí ilé gbé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tiwa, Fọláṣadé Adú tí gbogbo ayé ń pè ní Sade, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Nínú “The Sweetest Taboo” tó gbé jáde ní 1985, ó dárúkọ ìjì náà gan-an.

Àwọn onímọ̀ kan ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní orin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí mú kí àwọn adúláwọ̀ tọ́wọ́ wọn ti ń tẹ́nu gbàgbé ìjà tó wà nílẹ̀. N ò gbà pátápátá. WHUR yìí kan náà ló ń gbé The Daily Drum, ètò ìròyìn àwọn adúláwọ̀, sáfẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn ìyà nírọ̀lẹ́ kò jẹ̀bi tó bá fẹ́ gbọ́ orin ìfẹ́ kó tó sùn. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ náà ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà.

Ní 1985, WKYS tó jẹ́ orogún WHUR fi owó gọbọi fa Lindsey mọ́ra, ó sì lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, àrùn éèdì pa á, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìgbà yẹn, oògùn tó ń fún alárùn náà lẹ́mìí gígùn lónìí kò tíì jáde. Hughes ní tirẹ̀ ti kúrò ní WHUR tipẹ́. Ní 1980 ni òun àti ọkọ rẹ̀ ra rédíò WOL, ibẹ̀ ló sì ti di ọlọ́pọ̀ rédíò. Ètò náà kò bá ìkankan nínú wọn lọ. WHUR ṣì ń ṣe é lóru, lórí 96.3, ohùn ẹlòmíràn ló wà nídìí rẹ̀.