Ta Ló Ń Kó Iyanrìn Etíkun Èkó Lọ?

Ẹni tó bá ń gbé Arepo bíi tèmi ti mọ kọ̀ǹténà dunjú. Tọ̀sán-tòru ni tírélà ń gbé e kọjá lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mo bá ní kí n lọ wo ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Mo lọ sí Èkó, mo wọ ọkọ̀ ojú omi dé Tarkwa Bay, níbi tí ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Apapa àti Tin Can ti ń wọlé láti ojú agbami.

Ohun tó gbà mí lójú jù ni ògiri òkúta tó nà gbọọrọ wọ inú òkun. Ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀nà Èkó. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré tó ń gbé e wá. Ògiri yẹn ló sọ Èkó di èbúté ńlá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Ìgbì òkun wa kì í wá tààrà. Láti apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń lu etíkun. Tó bá ń padà, ó ń padà tààrà, iyanrìn tó gbé á sì ti sún díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ó dà bí ẹni ń gbálẹ̀: tẹ́ ẹ bá fi pákó dínà, ìdọ̀tí á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á mọ́ tónítóní. Báyìí ni iyanrìn ṣe kún ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, tí Bar Beach ní ìlà-oòrùn kò rí tuntun gbà mọ́. Òkun jẹ ẹ́ wọlé ju kìlómítà 1 lọ. Ibi tí omi gbà yẹn ni wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí báyìí, pẹ̀lú ògiri tiẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, àwọn ará Okun Alfa ń pariwo pé òkun ń gba ilé àwọn.

Ní 2023, èbúté Lekki ṣí, omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Òun náà ní ògiri tó ń dá ìgbì dúró, ìgbì kan náà ló sì ń bá jà.

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Lẹ́nu odò Tweed ní Ọsirélíà, láti 2001 ni ẹ̀rọ ti ń fa iyanrìn láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí páìpù ń gbé e kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó ńlá ni, iṣẹ́ tí kì í tán sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá iyanrìn dúró ló yẹ kó sin ín dé ibi tó ń lọ. Ta ni yóò ṣe é fún àwọn abúlé apẹja tó wà ní ìlà-oòrùn Lekki?